Olúfẹ́mi Yan Àpótí Kẹrin

Bírò pupa ni. Bàbá Oyèkúnlé kò tilẹ̀ wá dúdú.

Ó na fọ́ọ̀mù náà sórí itan, ó fi ìka tọ ìlà títí ó fi kan ibi tí wọ́n kọ Akáńtì sí, ó sì fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sínú àpótí ibẹ̀. Ó tẹ bírò mọ́lẹ̀ débi pé bébà náà lu.

"Ó tán. Gbé e lọ."

"Bàbá, ẹ ò tíì bi mí ní nǹkan kan."

"Kí ni mo fẹ́ bi ọ́? Ọjọ́ tí mo mú ọ lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì, ṣé mo bi ọ́?"

"Àpótí kẹrin ni mo fẹ́, sà."

Bàbá Oyèkúnlé ti awò ojú rẹ̀ sókè iwájú orí. Ó ka àpótí kẹrin jáde bí akọ̀wé kóòtù ṣe ń ka ẹ̀sùn. "Iṣẹ́. Akọ̀wé." Ó wo Olúfẹ́mi, ọmọ àbúrò rẹ̀, láti orí dé ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n. "Sẹ̀kítírì. Ìwọ. Nínú ilé Awódélé. Kí o máa po tíì fún ọ̀gá. Ṣé wọ́n á bá ọ rán síkẹ́ẹ̀tì ni, àbí ìwọ fúnra rẹ lo máa rán an?"

"Iṣẹ́ ni, Bàbá."

"Iṣẹ́ obìnrin ni. Kúrò níwájú mi."

Ọjọ́bọ̀ ni, ní pálọ̀ agbo ilé Awódélé ní Òkèrèwè. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí wọ́n gba fọ́ọ̀mù.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Olúfẹ́mi ń lọ ní Òkè-Ogbó, ẹ̀kọ́ kan náà ni gbogbo ọmọ ẹ̀ka okòwò ń kọ́ lọ́dún àkọ́kọ́. Ní ìparí ọdún ni wọ́n á pín fọ́ọ̀mù. Àpótí mẹ́rin: Akáńtì, Ọjà Títà, Ìṣàkóso Okòwò, Iṣẹ́ Akọ̀wé. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú ọ̀kan, òun ni yóò sì kọ́ títí yóò fi gba ìwé ẹ̀rí. Òbí tàbí alágbàtọ́ á fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Ẹni tí kò bá dá a padà kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó lù, ibi tí àyè bá ṣẹ́ kù ni wọ́n á jù ú sí. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá sì pa nǹkan rẹ́ lára rẹ̀, wọn kì í gbà á.

Bàbá Olúfẹ́mi ti kú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin òkú tán, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ jókòó sí pálọ̀ yìí kan náà, wọ́n ní ìyá rẹ̀ kò ní kúrò nílé, pé yàrá ọkọ rẹ̀ ti di tirẹ̀. Olúfẹ́mi gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara rẹ̀. Kí ó tó di ogójì ọjọ́, kò sẹ́ni tó rántí pé òun sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ kó ẹrù, ó lọ sí Iléṣà, ó fẹ́ ọkọ mìíràn. Bàbá Oyèkúnlé ló tọ́ ọmọ náà. Ó tọ́ ọ dáadáa. Ó fi ariwo tọ́ ọ. Ọ̀gá sítọ́ọ̀ ni fún ìjọba kí ó tó fẹ̀yìn tì, ó sì gbà pé gbogbo nǹkan nínú ayé, títí kan ọmọ àbúrò, ní pẹpẹ tí ó yẹ kí ó wà.

Akáńtì kò ṣòro fún Olúfẹ́mi. Ìyẹn gan-an ló mú ọ̀rọ̀ náà korò. Òun ló gba máàkì tó ga jù ní kíláàsì. Bàbá Oyèkúnlé ti gbé ìwé èsì náà káàkiri ilé, ó ti gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti ń pe ọmọ náà ní Akáńtáǹtì lójú àlejò. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò pa Olúfẹ́mi lẹ́kún. Nọ́ńbà a máa dúró síbi tí èèyàn bá fi í sí. Ọ̀rọ̀ ni kì í dúró.

Kí ó tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó fi ọdún méjì tẹ iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onítáípù kan lẹ́nu géètì yunifásítì. Ẹsẹ̀ kan ẹ̀rọ fótókópì wọn kúrú. Ìwé kan ni wọ́n fi gbé e. Lọ́jọ́ kan tí iná lọ, ó fa ìwé náà yọ, ó ki igi bọ ibẹ̀, ó sì ṣí i. Ìwé ṣọ́tándì ni, ìkọ̀wé tí àwọn akọ̀wé àtijọ́ fi ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀gá. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ fún ìró kan. Ìlà kíki fún òmíràn. Ìlà tó tẹ̀. Ìlà tó ká bí ìwọ̀ ẹja. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á máa kọ bí ẹnu ṣe ń sọ.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe é fún. Olúfẹ́mi tẹ̀ ẹ́ fún Yorùbá. Ó fi àmì bíńtín sókè ìlà fún ohùn òkè, ó fi sísàlẹ̀ fún ohùn ìsàlẹ̀, ó fi ohùn àárín sílẹ̀ láìsí àmì. Ọdún méjì. Ó ń kọ ìwàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kọ ìjà àwọn ọlọ́kadà, ó ń kọ ohun tí àwọn obìnrin ń sọ nídìí omi. Kò fi han ẹnikẹ́ni.

Ìyáàfin Ọláyínká ni ó kọ́kọ́ fi hàn. Obìnrin náà ni olórí ẹ̀ka Iṣẹ́ Akọ̀wé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Òun nìkan ló lè fún un ní fọ́ọ̀mù mìíràn rọ́pò èyí tí bírò pupa ti lu. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó lọ bá a ní ọ́fíìsì.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Ìyáàfin náà ń fi rúlà fa ìlà sínú ìwé rẹ́jísítà. Ó fa mẹ́fà kí ó tó gbójú sókè.

"Ọkùnrin mẹ́rin ti wọ ẹ̀ka mi láti ọdún mẹ́fà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sá. Ọ̀kan ò tilẹ̀ dágbére. Kí ló ń lé ìwọ bọ̀?"

Ó gbé ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ kalẹ̀, ó sì sọ bí ó ṣe rí ìwé ṣọ́tándì lábẹ́ ẹ̀rọ fótókópì. Ìyáàfin náà ṣí i, ó sún un mọ́ ojú, ó sún un jìnnà.

"Kí ni gbogbo àmì eṣinṣin yìí?"

"Ohùn ni, mà. Yorùbá ni."

"Ta ló ní kí o ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́? Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń kọ́ èèyàn ní ṣọ́tándì. Ìwọ jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ fótókópì, o ń tún un ṣe."

"Mà, mo lè kà á padà."

"Gbogbo èèyàn ló lè ka irọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ." Ó pa ìwé náà dé, ó tì í padà sí i. "Lọ kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá wákàtí kan wá. Mi ò fẹ́ ìwàásù, mi ò fẹ́ ti rédíò. Ibi tí èèyàn ti ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu ni mo fẹ́. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ, wá kà á fún mi. Tí o bá kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, máa lọ sí Akáńtì rẹ."

Hakeem, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ti mú Ọjà Títà, dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn.

"Sẹ̀kítírì mi! Ọ̀gá wà ńlé?"

"Hakeem, fi mí sílẹ̀."

"Rárá, là mí lóye. Fóònù ń gba ohùn sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ń tẹ̀ ẹ́. Ìwọ ń fi pẹ́ńsùlù họ bébà bí ẹni tí ara ń yún."

"Tí o bá gbé fóònù síwájú èèyàn, á ṣọ́ ẹnu. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹnu fún pẹ́ńsùlù."

"Ó dáa. Tí mo bá wá rí ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ iwájú, má jẹ́ kí n pẹ́ lórí bẹ́ńṣì o, jọ̀ọ́."

Ẹ̀rín. Wọ́n rín in tẹ̀lé e dé òpópónà.

Ìpàdé mọ̀lẹ́bí bọ́ sí ọjọ́ Àìkú náà. Gbogbo Àìkú kejì nínú oṣù ni. Bàbá Oyèkúnlé ni alága. Òun ló ṣe òfin pé kí gbogbo èèyàn ju fóònù sínú agbọ̀n lẹ́nu ilẹ̀kùn, láti ọjọ́ tí ọmọ ìyá kan ti gba ariwo wọn sílẹ̀, tó sì fi ránṣẹ́ sórí Wasáàpù àwọn àna. Adédàmọ́lá, ìbátan wọn kan, ni akọ̀wé. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ju àga lu ara wọn, Adédàmọ́lá á kọ pé wọ́n jíròrò. Ìlà tó máa ń fi parí kò yí padà rí: ìpàdé lọ ní ìrẹ́pọ̀.

Olúfẹ́mi jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Pẹ́ńsùlù méjì.

Ọ̀rọ̀ yàrá Ìyá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá ni ìyá Bàbá Oyèkúnlé. Ó ti kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, yàrá rẹ̀ sì wà ní títì. Bàbá Oyèkúnlé kó táyà àti fáìlì sítọ́ọ̀ àtijọ́ sínú rẹ̀. Àǹtí Hàjàrá, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ti kúrò nílé ọkọ. Ó ń ta aṣọ iléèwé ọmọdé ní Enuwa, ilẹ̀ ilé ọ̀rẹ́ ló sì ń sùn. Ó fẹ́ yàrá náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Ìyá ni èmi náà. Wàláhì, táyà kì í ṣe ọmọ Ìyá."

"Hàjàrá, o ti dé. O ti fẹ́ fi ẹnu tú ilé ká bí o ṣe tú ilé ọkọ rẹ."

"Ilé ọkọ mi wà níbi tó wà. Kọ́kọ́rọ́ ni mo béèrè."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́fà, méje. Àwọn kan fi Yorùbá gbogbogbò sọ ọ́. Bí inú ṣe ń bí wọn, wọ́n bọ́ sínú èdè Ifẹ̀. Pẹ́ńsùlù Olúfẹ́mi tẹ̀ lé wọn. Bàbá Àtàndá, olórí ẹbí, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. Wọ́n dákẹ́. Ó tẹjú mọ́ Bàbá Oyèkúnlé, kò sì gbé e kúrò.

Bàbá Oyèkúnlé wúkọ́. "Hàjàrá, pa ẹnu dé. Kí oṣù yìí tó parí, kọ́kọ́rọ́ yàrá Ìyá á wà lọ́wọ́ rẹ. Èmi Oyèkúnlé ni mo sọ ọ́. Tí mi ò bá ṣe é, kí ẹ pè mí ní òpùrọ́ lójúde Enuwa."

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Àtàndá dìde, ó lọ tọ̀. Ó pẹ́ níta. Bàbá Oyèkúnlé na ẹsẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà. "Arúgbó yìí ò kú, kò jẹ́ kí a sinmi. Ọjọ́ tó bá lọ tán ni ilé yìí máa tò." Àwọn kan fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Adédàmọ́lá gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Pẹ́ńsùlù ẹ̀bá fèrèsé kò dúró.

Ní ọjọ́ Ajé, Olúfẹ́mi kà á fún Ìyáàfin Ọláyínká. Obìnrin náà gbé aago síwájú, ó fi ìka mú ìlà kan láìròtẹ́lẹ̀, ó ní kí ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ó fò lọ sí òmíràn. Olúfẹ́mi kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ó dé ibi arúgbó tí kò kú, Ìyáàfin náà gbójú sókè.

"Ta nìyẹn?"

"Alágbàtọ́ mi, mà. Òun ló máa fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù."

"Ìwọ náà ò kúkú bẹ̀rù." Ohùn rẹ̀ kò fi ti ìyìn hàn. Ó fa dúrọ́ọ̀, ó yọ fọ́ọ̀mù tuntun. "Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fáìlì rẹ ni kó fọwọ́ sí i. Má mú ẹ̀gbọ́n, má mú àǹtí, má mú pásítọ̀ wá bá mi. Tí o bá sì wọ ẹ̀ka mi, tí o sá, màá wá ọ dé Òkèrèwè."

Olúfẹ́mi fi bírò dúdú kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Àpótí kẹrin. Ó ká fọ́ọ̀mù náà sápò, ó sì ń wá ìgbà tí inú Bàbá Oyèkúnlé máa dùn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá. Inú rẹ̀ kò dùn.

Ọjọ́rú, lọ́wọ́ ọ̀sán, Àǹtí Hàjàrá kó ẹrù dé. Báàgì méjì, ẹní, apẹ ìdáná kan, nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Bàbá Oyèkúnlé dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì dí i.

"Ta ló ní kí o wá?"

"Ẹ̀yin ni. Ní ìpàdé."

"Mo ní a máa wò ó. Wíwò ni mo sọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run! Ẹ ní kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ mi!"

"Ta ló gbọ́ ọ?" Ó bojú wo gbogbo àwọn tó ti jáde síta. "Ẹ dá mi lóhùn. Ta ló gbọ́ ọ?"

Ẹnì kan ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹnì kan rántí pé òun gbé ọbẹ̀ kaná. Wọ́n ní kí Adédàmọ́lá mú ìwé àkọsílẹ̀ wá. Ó mú un wá, ó sì kà á pẹ̀lú ohùn dídùn: "A sọ̀rọ̀ lórí yàrá Ìyá. Ìpàdé lọ ní ìrẹ́pọ̀."

"Ṣé o gbọ́?" ni Bàbá Oyèkúnlé wí. "Ìrẹ́pọ̀. Awakọ̀, yí kẹ̀kẹ́ rẹ padà."

Àǹtí Hàjàrá kò sunkún. Ó yí ojú rẹ̀ kiri títí ó fi rí ẹni tó ń wá.

"Fẹ́mi. O ń kọ nǹkan lọ́jọ́ náà. Mo rí ọ. Kí ni wọ́n sọ?"

Gbogbo ilé yíjú sí i. Bàbá Oyèkúnlé kò pariwo. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ìyẹn sì burú jù.

"Wo ojú mi dáadáa, Fẹ́mi. Fọ́ọ̀mù kan wà lápò rẹ tó ń wá ọwọ́ mi. Mo mọ̀. Mo ti rí i nígbà tí o fi ṣòkòtò rẹ kọ́ ògiri. Ronú kí o tó la ẹnu."

Olúfẹ́mi ronú. Kò pẹ́. Ó rí ìyá rẹ̀ tó ń di ẹrù, àti àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ó wọlé, ó mú ìwé rẹ̀ wá, ó sì kà á lójúde.

"'Hàjàrá, pa ẹnu dé. Kí oṣù yìí tó parí, kọ́kọ́rọ́ yàrá Ìyá á wà lọ́wọ́ rẹ. Èmi Oyèkúnlé ni mo sọ ọ́. Tí mi ò bá ṣe é, kí ẹ pè mí ní òpùrọ́ lójúde Enuwa.'"

"Irọ́!" Bàbá Oyèkúnlé já ìwé náà gbà. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó gbé e sókè fún gbogbo wọn. "Ẹ wò ó! Ẹ wá wo ẹsẹ̀ adìyẹ! Ṣé ọ̀rọ̀ lèyí? Ta ló lè kà á yàtọ̀ sí òun? Hàjàrá ti bá a mulẹ̀!"

"Ẹ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀," ni Olúfẹ́mi wí. "Ohunkóhun. Màá kọ ọ́, màá kà á."

Bàbá Àtàndá ti jáde sí àga rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fi ọ̀pá tọ́ka. "Oyèkúnlé. Ìwọ ni kó o sọ ọ́. Ọmọ náà, kọ."

Wọ́n dá ìwé padà fún Olúfẹ́mi. Bàbá Oyèkúnlé sún mọ́ ọn débi pé itọ́ ẹnu rẹ̀ ń ta sí bébà. Kò wá ọ̀rọ̀ tì. Ó ti wà nínú rẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀.

Ó ṣẹ́ èpè fún un.

Olúfẹ́mi kò yára, kò sì dúró. Ìlà ń tẹ̀, ìlà ń ká, àmì bíńtín ń bọ́ sókè, ó ń bọ́ sísàlẹ̀. Nígbà tí Bàbá Oyèkúnlé mí kanlẹ̀, pẹ́ńsùlù dúró. Olúfẹ́mi gbé ìwé náà sókè, ó sì kà á, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ka lẹ́tà ẹlòmíràn.

"'Ìwọ Olúfẹ́mi. Ọmọ tí mo fi ọwọ́ mi bọ́. Ìwọ yìí. Ìwọ yìí. Ẹnu ọ̀nà ọlọ́nà ni wàá jókòó sí títí irun orí rẹ á fi funfun. Wọ́n á máa pè ọ́ bí ẹni ń pe ajá. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lo máa gbé kiri títí o ó fi kú, o ò ní ní tìẹ.' Ẹ wúkọ́ níbí. 'Àwọn ọmọ rẹ á bi ọ́ léèrè iṣẹ́ tí ò ń ṣe, wàá purọ́ fún wọn. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, má wá síbẹ̀. Má kọ ọ́ sílẹ̀ pé o mọ̀ mí.'"

Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ti pa ẹ́ńjìnnì.

"Ohun tí o sọ nìyẹn?" ni Bàbá Àtàndá béèrè.

"Ohun tí mo sọ nìyẹn."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Títí kan ikọ́."

"Èyí tó kà lákọ̀ọ́kọ́ náà, ìwọ lo sọ ọ́ nìyẹn. Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Ó mú un wá. Ó jù ú sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Àǹtí Hàjàrá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí táyà jáde. Ti èpè náà, kò sẹ́ni tó ní kí ó gbé e kúrò. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nínú ìwé, pẹ̀lú gbogbo ohùn rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀. Bàbá Oyèkúnlé ń rẹ búrẹ́dì sínú tíì. Olúfẹ́mi dọ̀bálẹ̀. Ó gbé fọ́ọ̀mù sórí tábìlì, ó gbé bírò dúdú tì í.

Bàbá Oyèkúnlé jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán. Ó nu ọwọ́.

"Lọ bẹ Hàjàrá kó fọwọ́ sí i."

"Orúkọ yín ló wà nínú fáìlì, sà."

"Ó wà níbẹ̀? Ó mà dára o." Ó wo aago ara ògiri. "Mi ò ní nà ọ́. Mi ò ní bú ọ. Mo ti sọ tèmi tán, o sì ti kà á fún gbogbo ilé. Jókòó, kí a jọ máa wo aago méjìlá."

"Bàbá, mo bẹ̀ yín."

"Bẹ̀bẹ̀ dáadáa. Ó ku wákàtí kan ààbọ̀."

Olúfẹ́mi kúnlẹ̀, kò sì dìde. Ó tọrọ àforíjì. Ó ní òun á kọ́ Akáńtì lẹ́yìn náà, òun á fi kún un. Ó sọ orúkọ bàbá rẹ̀ tó kú. Bàbá Oyèkúnlé ń fi ahọ́n yọ búrẹ́dì nínú eyín. Aago mọ́kànlá kọjá. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń gbọ́ Bàbá Àtàndá tó ń fa ẹ̀kọ gbígbóná mu.

Nígbà tí ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù, ọmọkùnrin náà fa ìwé rẹ̀ yọ nínú àpò ẹ̀yìn. Ó ṣí i sí ojú ewé kan. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"'Arúgbó yìí ò kú,'" ni ó kà. Ohùn rẹ̀ kéré.

Ahọ́n Bàbá Oyèkúnlé dúró.

"O kọ ìyẹn náà?"

"Mo kọ gbogbo rẹ̀, sà."

"O ò kà á l'Ọ́jọ́rú."

"Wọn ò bi mí nípa rẹ̀."

"Lónìí ńkọ́? Ta ló bi ọ́?"

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé ife kalẹ̀. Olúfẹ́mi gbé ohùn sókè díẹ̀. "'Arúgbó yìí ò kú, kò jẹ́ kí a—'"

"Mú bírò wá."

Bàbá Oyèkúnlé fọwọ́ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ le, lẹ́tà rẹ̀ tóbi, kò wó níbì kankan. Ó ti fọ́ọ̀mù náà padà pẹ̀lú ìka kan, bí ẹni ń ti àwo tí aáyán ti rìn kọjá lórí rẹ̀.

Olúfẹ́mi wọ kẹ̀kẹ́. Ó ní kí wọ́n sáré. Lójú ọ̀nà Òkè-Ogbó ni ìtìjú ti ká a mọ́, láàárín ìyá kan tó gbé ewùrà sẹ́sẹ̀ àti ọkùnrin kan tó ń sùn. Ó rò ó láti ya ojú ewé náà dànù. Ó dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò ya á.

Ìyáàfin Ọláyínká gba fọ́ọ̀mù nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó wo ìbuwọ́lù náà pẹ́, ó wo fáìlì, ó tún wo ìbuwọ́lù. "Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ. Tí o bá pẹ́, ìta lo máa wà." Ó tẹ òǹtẹ̀ lé e.

Ó ti di sáà kejì báyìí tí Olúfẹ́mi ti ń kọ́ Iṣẹ́ Akọ̀wé. Òun nìkan ni ọkùnrin níbẹ̀. Wọ́n ṣì ń bi í bóyá ọ̀gá wà ńlé. Ní Òkèrèwè, bí ó bá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ọ̀rọ̀ á gé. Àǹtí Hàjàrá gan-an, nínú yàrá tí ó rí gbà, a máa yí ọ̀rọ̀ padà sí ti òjò nígbà tí Olúfẹ́mi bá kan ilẹ̀kùn. Á fún un ní oúnjẹ, á sì dúró títí ó fi máa jáde kí ó tó padà sórí ọ̀rọ̀ òun àti àlejò rẹ̀.

Bàbá Oyèkúnlé kò bá a sọ gbólóhùn kan láti ọjọ́ Ẹtì náà. Ọwọ́ ni ó ń nà sí i. Bí ó bá fẹ́ omi, á fi ìka han korobá. Bí ó bá fẹ́ kí ó ti ilẹ̀kùn, á fi ìka han ilẹ̀kùn. Ní òwúrọ̀, bí Olúfẹ́mi bá dọ̀bálẹ̀ kí i, ọkùnrin náà á gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè, á dá ọwọ́ náà dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀, á sì fi lé e jáde.